Dídá háàdì dísìkì dúró

Ọ̀nà tí a fi ń ṣọ́ bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká lò. Bí kò bá sí ohun tí a ń kà tàbí tí a ń kọ sórí dísìkì, mọ́tò tó ń yí àwo inú rẹ̀, nígbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, á dúró. Àmọ́ iná tí mọ́tò ń fà láti tún gbéra ju èyí tó fi ń yí lọ, gbígbéra lemọ́lemọ́ sì ń mú dísìkì gbó. Ẹni tó bá ń dá a dúró ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú kò jèrè kankan.

Lórí ètò ìṣiṣẹ́ Linux, àṣẹ hdparm -S 120 ń dá a dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ètò ìṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí dísìkì sinmi: ó ń kọ nǹkan díẹ̀díẹ̀ sí i ṣáá. Ìdí nìyí tí a fi ṣe laptop_mode sínú Linux 2.6: ó ń kó àwọn àkọsílẹ̀ jọ sínú mẹ́mọ́rì, á wá kọ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí dísìkì bá jí. Bí kọ̀ǹpútà bá kú lójijì ṣáájú ìgbà náà, wọ́n sọnù nìyẹn. SSD, irú dísìkì mìíràn, kò ní àwo tó ń yí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò kàn án.