Ìtọ́jú Ìdẹ̀kùn Ìrora àti Olùtọ́jú Inú Ilé: Ṣómólú àti Bàrígà Nínú Ìtàn

Ìfáàrà

Ẹnu ọ̀nà ilé-ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ìṣègùn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn wọn. Ní ti ìtọ́jú ìdẹ̀kùn ìrora, èyí tí a ń ṣe fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti kọjá ìwòsàn, inú ilé ni ó yẹ kí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Àbá iṣẹ́ yìí ni pé kì í ṣe àánú ni ètò náà mú wá bá wa. Oògùn ìrora àti àtìlẹ́yìn fún olùtọ́jú ni.

Bí ètò náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní 1967, Cicely Saunders, tí ó ti ṣe nọ́ọ̀sì kí ó tó di dókítà, dá St Christopher's Hospice sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ́ni pé ìrora kò mọ sí ara nìkan. Ó kan ọkàn, ẹ̀mí àti ẹbí pẹ̀lú. Ní 1969, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ aláìsàn wò nílé. Ní 1979, Island Hospice bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú tí a mọ̀ sí Harare lónìí. Ní 1993, Anne Merriman dá Hospice Africa sílẹ̀ ní Kampala, ó sì jẹ́ kí mọfíìnì olómi di ohun tí aláìsàn lè mu nínú ilé ara rẹ̀. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, oníṣègùn tí ń kun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, wà lára àwọn tí ó fi ìdí iṣẹ́ náà múlẹ̀ ní Nàìjíríà.

Oògùn ni ó kọ́kọ́ di ìṣòro. Láti 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dá a lábàá pé kí a máa fi mọfíìnì wo ìrora jẹjẹrẹ tí ó bá le. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ó ń kó o wọ Nàìjíríà, Òṣódì sì ni àwọn ilé-ìwòsàn ti ń lọ gbà á. Òṣódì kò jìnnà sí Ṣómólú. Òfin àti ìlànà ni ó sọ ọ́ di ọ̀nà jíjìn fún aláìsàn.

Ilé tí ó yí padà

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Agbo ilé ni òwe yìí ní lọ́kàn, níbi tí ọwọ́ ti pọ̀. Ní Ṣómólú, ìlú àwọn atẹ̀wé, àti Bàrígà létí ọ̀sà, ọ̀pọ̀ ẹbí ni ó ń gbé yàrá àyágbé kan ṣoṣo. Ìyàwó tàbí ọmọbìnrin kan ni ó sábà máa ń dá gbé aláìsàn, tí ń wẹ̀ ẹ́, tí ń bá a ṣàìsùn. Bí kò bá sì dé ìsọ̀, iná kò ní jó nídìí ààrò. Àwọn aládùúgbò a máa béèrè ara aláìsàn. Wọn kì í sábà béèrè tirẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ní 2014, ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé rọ àwọn orílẹ̀-èdè láti fi ìtọ́jú yìí kún ètò ìlera, kí wọ́n sì ran olùtọ́jú inú ilé lọ́wọ́. Àìsàn ló ṣeé wò, kò sẹ́ni tó rí tọlọ́jọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ìrora ṣeé dẹ̀, a sì lè gba ẹrù lọ́rùn ẹni tí ń tọ́jú. Òpìtàn tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ètò náà dé ní Èkó ní láti wọ inú yàrá àyágbé wọ̀nyí, kí ó wádìí ẹni tí ó ń bá obìnrin náà pín àìsùn rẹ̀.