Ṣé epo tí nọ́ńbà rẹ̀ ga máa ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára? Ohun tó yẹ kí awakọ̀ Fìdítì àti Ìlọrà mọ̀

Àríyànjiyàn lórí epo kì í tán láàárín àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ní Fìdítì àti Ìlọrà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Afìjìó, bí i ti ibòmíràn, ẹnì kan á ní bẹntiróòlù ilé epo kan lágbára ju ti èkejì lọ. Ẹlòmíràn á ní oògùn inú ìgò tí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ń tà ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ òun fò. Àwọn kan tilẹ̀ ń ju káńfọ̀ sínú táǹkì. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń lé kiri, òun ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní ọ́kítéènì.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré mọ́. Ní ìparí oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ lé ní 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Awakọ̀ tó bá ń da owó lé oògùn inú ìgò lẹ́yìn irú ìyẹn gbọ́dọ̀ mọ ohun tí owó náà ń rà fún un.

Nínú ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù, epo àti afẹ́fẹ́ máa ń wọnú sìlíńdà pọ̀, písítìnì á gòkè láti fún wọn pọ̀, lẹ́yìn náà ni pulọ́ọ̀gì á ṣáná sí wọn. Ooru tó bá jáde ni í ti písítìnì padà sísàlẹ̀, òun ló sì ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ó yẹ kí iná náà bẹ̀rẹ̀ láti ìdí pulọ́ọ̀gì, kí ó sì ràn dé ibi gbogbo létòlétò. Ṣùgbọ́n bí epo àti afẹ́fẹ́ yẹn bá gbóná jù, tí ìfúnpọ̀ náà sì le jù, apá kan nínú rẹ̀ lè gbaná fúnra rẹ̀ kí iná pulọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà náà ni awakọ̀ á gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ènìyàn ń fi òòlù kékeré lu irin, pàápàá bí ọkọ̀ bá ru ẹrù tó ń gun òkè nínú oòrùn ọ̀sán. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, orí písítìnì lè jẹ.

Nọ́ńbà ọ́kítéènì ni òdiwọ̀n bí epo ṣe lè fara da ooru àti ìfúnpọ̀ tó láìgbaná fúnra rẹ̀. Kì í ṣe òdiwọ̀n agbára. Lítà epo tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 98 kò gbé ooru tó ju ti epo 91 lọ lọ́nà tí awakọ̀ fi lè mọ̀. Ìfaradà ló yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú níbí. Bí mẹkáníìkì wa bá sọ pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ohun tó ń sọ ni pé ẹ́ńjìnnì ti kú: ọ́ìlì ti gbẹ tàbí ó ti di ẹrẹ̀, irin sì ti ń jẹ irin. Ìró tí àwọn onímọ̀ ń fi orúkọ yẹn pè lórí ọ̀rọ̀ ọ́kítéènì yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Kò sí nọ́ńbà epo kankan tó lè jí ẹ́ńjìnnì tí àìsí ọ́ìlì pa.

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe láti fún epo pọ̀ níwọ̀nba kò ní ohun tó fẹ́ fi ìfaradà tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni Nissan Micra tí àwọn onítakisí Ìbàdàn sọ di tiwọn rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ Corolla àti Camry onísìlíńdà mẹ́rin, títí dé orí ọ̀kadà. Bẹntiróòlù tó wà ní sàkáání 91, irú èyí tí òfin Nàìjíríà ń béèrè, tó fún wọn, bí ó bá mọ́.

Nọ́ńbà tí àwọn tó ra tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ń rí lára ìdérí táǹkì tún lè ṣì wọ́n lọ́nà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà dán epo wò nínú ilé àyẹ̀wò, ọ̀kan rọrùn fún epo, èkejì le. Nọ́ńbà ọ̀nà tó rọrùn, tí wọ́n ń pè ní RON, ni Nàìjíríà àti Yúróòpù ń lò. Amẹ́ríkà ní tiwọn á ro méjèèjì pọ̀, wọ́n á sì pín in sí méjì, nọ́ńbà tiwọn á wá kéré sí tiwa. Nítorí náà, 87 tó wà lára Corolla tòkunbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 91 tàbí 92 lọ́dọ̀ wa, kò sì sí ìyọnu fún olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 91 ni wọ́n kọ sára ọkọ̀ náà, bí ó ṣe máa ń wà lára ọ̀pọ̀ Lexus àti Mercedes-Benz, 95 tàbí 96 tiwa ló ń béèrè. Ẹni tó bá rí 91 yẹn tó sì rò pé òun ni wọ́n ń tà ní Fìdítì ti ṣì í kà.

Irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni epo tí nọ́ńbà rẹ̀ ga lè ràn lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbọ́ ìró òòlù yẹn, tó sì ń dá ìgbà tí pulọ́ọ̀gì yóò ṣáná dúró díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́. Ọkọ̀ á ṣì máa lọ, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ á dín. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ní Amẹ́ríkà, AAA, dán irú ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ gbà nímọ̀ràn láti lo epo tó ga wò lọ́dún 2017. Ìpíndọ́gba ohun tí wọ́n rí ni pé epo tí ọkọ̀ ń jẹ sàn sí i ní ìwọ̀n 2.7 nínú ọgọ́rùn-ún, agbára sì fi 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè. Ní ti ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún epo lásán, ẹgbẹ́ yìí kan náà ti sọ lọ́dún 2016 pé wọn kò rí àǹfààní kankan, àti pé owó tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ṣòfò lọ́nà yẹn láàárín ọdún kan lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là.

Káńfọ̀ ńkọ́? Lóòótọ́, èyí tí wọ́n fi naphthalene ṣe nínú wọn lè gbé nọ́ńbà epo sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè dì padà kí ó sì dí ojú ọ̀nà epo. Òmíràn sì ní chlorine nínú, tó ń di ásíìdì bí ó bá jóná. Òjé tí Thomas Midgley ṣàwárí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1921 ṣiṣẹ́ ju káńfọ̀ lọ, àmọ́ ó ń ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́. Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà yọ ọ́ kúrò nínú epo wọn nígbà tí ọdún 2006 fi bẹ̀rẹ̀. Algeria ló kẹ́yìn gbogbo ayé, lọ́dún 2021.

Ẹni tó bá ṣì gbàgbọ́ pé nọ́ńbà gíga ni epo rere gbọ́dọ̀ rántí oṣù Kejì, ọdún 2022. Àjọ NMDPRA, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ epo, kéde pé wọ́n ti rí bẹntiróòlù kan tí wọ́n kó wọlé tí methanol inú rẹ̀ ju bí òfin ṣe fẹ́ lọ. Mele Kyari, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà NNPC nígbà náà, ní láti Antwerp ní Belgium ni epo náà ti wá. Wọ́n kó o kúrò lọ́jà, ọ̀wọ́n epo sì gba ìlú kan. Nọ́ńbà ọ́kítéènì methanol lé ní 100, ó ga ju ti bẹntiróòlù wa lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ooru inú lítà rẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti bẹntiróòlù, ó ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ rọ́bà àti irin ojú ọ̀nà epo.

Kẹrosíìnì ni tirẹ̀ ń fa nọ́ńbà wálẹ̀. Bí wọ́n bá lú u mọ́ bẹntiróòlù, bí àwọn kan tó ń ta epo nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà ṣe máa ń ṣe, ìró òòlù yẹn lè bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kò ṣe é rí, èéfín á sì pọ̀ sí i. Awakọ̀ tó bá gbọ́ ọ lẹ́yìn tó ra irú epo bẹ́ẹ̀ yóò ṣe dáadáa bí ó bá dín eré kù, tí ó sọ ẹrù díẹ̀ kalẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó sì fi epo ilé epo tó dájú kún táǹkì kí ó tó tún gun òkè kankan.

Ẹni tó bá sì fẹ́ dán oògùn inú ìgò wò lè ṣe é láìgbẹ́kẹ̀ lé ẹnu ẹni tó ń tà á. Kí ó kún táǹkì dé ẹnu, kí ó kọ nọ́ńbà tó wà lójú máìlì sílẹ̀, kí ó wa ọkọ̀ bó ṣe máa ń wà á, kí ó tún kún un dé ibi kan náà, kí ó sì fi lítà tó wọ̀ ọ́ pín kìlómítà tó rìn. Kí ó ṣe èyí nígbà mẹ́ta láìlo oògùn náà, àti nígbà mẹ́ta pẹ̀lú rẹ̀, lójú ọ̀nà kan náà, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ táyà tó pé.