Ìdì Kóòdù Tó Sọnù: Bí Java Ṣe Ń Wọlé Tọ SAP

Ọ̀nà tí ètò Java ti ń gbà bá SAP, sọ́fítíwià tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń bójú tó iṣẹ́ ajé wọn, sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni àkójọ kóòdù kan tí ń jẹ́ JCo. Bí àkójọ náà kò bá sí nílẹ̀, ètò lè dìde bí ẹni pé kò sí ìṣòro, àfi ìgbà tó bá kan ilẹ̀kùn SAP ni yóò ṣubú, tí yóò kọ NoClassDefFoundError sójú kọ̀ǹpútà. Inú ìpinnu méjì tí àwọn èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe ni àṣìṣe yìí ti wá, ọ̀kan ní Jámánì, èkejì ní Kalifọ́níà.

Ti Jámánì ló ṣáájú. Ní 1972, òṣìṣẹ́ IBM márùn-ún, Dietmar Hopp, Hasso Plattner, Klaus Tschira, Claus Wellenreuther àti Hans-Werner Hector, fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tiwọn, SAP, sílẹ̀ ní Weinheim. Ohun tí wọ́n ń lé ni pé kí wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ sì rí i lójú ẹsẹ̀. R/3, sọ́fítíwià wọn tó jáde ní 1992, ló gbé orúkọ wọn káyé. Èdè tiwọn, ABAP, ni wọ́n fi kọ iṣẹ́ ajé inú rẹ̀. Ètò tó bá wà lóde tó fẹ́ béèrè nǹkan ní láti gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní RFC. SAP fúnra rẹ̀ ló ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà náà, òun náà ló sì ń pín in.

Ní Kalifọ́níà, ní 1995 ni Sun Microsystems gbé Java jáde, èdè tí James Gosling ṣáájú iṣẹ́ rẹ̀. Nínú èdè C, ẹni tó bá fẹ́ lè rán gbogbo ẹ̀yà ètò pọ̀ kó tó kúrò nílé. Java kò rán nǹkan pọ̀. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹyọ kóòdù kọ̀ọ̀kan, dá dúró nínú fáìlì tirẹ̀, orí ẹ̀rọ ẹni tó ń lò ó ni wọ́n ti ń pàdé, nígbà tí iṣẹ́ bá ti kàn wọ́n. Ó dà bí alásè tó gbé ìkòkò kaná, tí kò wo ìgò epo àfi ìgbà tí ìkòkò ti gbóná. CLASSPATH ló ń sọ ibi tí Java yóò ti wá kíláàsì; fáìlì tí kò bá sí nínú rẹ̀, bí ẹni pé kò sí láyé ni, ì báà wà nínú fódà tó tẹ̀lé e.

Ọ̀rọ̀ JCo tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí abala méjì ni. Àkọ́kọ́ ni sapjco3.jar, tó jẹ́ Java. Èkejì ni kóòdù tí wọ́n ṣe fún irú ẹ̀rọ kan pàtó, sapjco3.dll lórí Windows, libsapjco3.so lórí Linux. Ẹni tó kó àkọ́kọ́ tó gbàgbé èkejì yóò bọ́ lọ́wọ́ NoClassDefFoundError, yóò sì kó sọ́wọ́ UnsatisfiedLinkError. Bákan náà ló rí fún ẹni tó kó ti bíìtì 32 sórí Java bíìtì 64. Nígbà tí ẹ̀dà kẹta rọ́pò ẹ̀dà kejì, orúkọ ìdì inú rẹ̀ yí láti com.sap.mw.jco sí com.sap.conn.jco. Kò sí fáìlì tuntun tó lè dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Kóòdù ni wọ́n ní láti tún kọ. Lórí Tomcat, sáfà tí àwọn ètò Java orí wẹ́ẹ̀bù ti ń ṣiṣẹ́, ètò méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé JCo tirẹ̀ dání kì í lè jọ ṣiṣẹ́, torí Java kì í gbà kí wọ́n gbé abala kejì yẹn wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Fódà lib ti Tomcat fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi í sí, kí gbogbo ètò jọ máa lo ẹyọ kan.

Maven, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kó ètò Java jọ, tó wá láti inú iṣẹ́ Turbine ní Apache, gba ẹrù ńlá lórí àwọn tó ń kọ ètò. Láti ìgbà tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ ti jáde ní 2004, orúkọ àkójọ kóòdù àti nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n kàn ń kọ sílẹ̀, Maven á sì lọ gbé e wá láti ibi ìkópamọ́ gbogboogbò. Ṣùgbọ́n JCo kò sí níbẹ̀. Oníbàárà SAP ló ń fi àkáǹtì rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ SAP. Ti Oracle pàápàá rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kó tó gbé ojdbc, àkójọ kóòdù tí Java fi ń bá dátábéèsì rẹ̀ sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ní 2019. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni nǹkan ló fa irú àìrí yìí, kì í ṣe àìmọ kóòdù kọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ wá ń kó JCo sí ibi ìkópamọ́ tiwọn, ibẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ sì wà: Maven máa ń lẹ nọ́ńbà ẹ̀dà mọ́ orúkọ fáìlì, JCo sì máa ń yẹ orúkọ ara rẹ̀ wò. Bí kò bá ti jẹ́ sapjco3.jar, ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Fáìlì pé, ó wà níbẹ̀, síbẹ̀ àfi kí wọ́n dá orúkọ àbísọ rẹ̀ padà fún un.

Oracle ra Sun ní 2010, ó sì di ẹni tó ni Java. Ní September 2018, Java 11 yọ javax.xml.bind àti javax.xml.ws dànù, àwọn ìdì tí àwọn ètò tó ń gba ọ̀nà SOAP bá sọ́fítíwià ilé-iṣẹ́ ńlá sọ̀rọ̀ ti gbára lé. Ètò tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí Java 8 kò rí wọn mọ́. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: kí wọ́n kọ JAXB àti JAX-WS, àwọn àkójọ kóòdù tó ní ìdì méjèèjì, sínú fáìlì Maven bí wọ́n ti ń kọ àwọn yòókù. Èyí tó tẹ̀lé e kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Oracle fa Java EE, apá Java tó wà fún iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, lé Eclipse Foundation lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò yọ̀ǹda kí wọ́n máa fi orúkọ javax ṣe nǹkan tuntun. Jakarta EE 9, ní December 2020, wá sọ javax ti Java EE di jakarta. Kóòdù tó ń wá javax.servlet kò rí i mọ́ lórí Tomcat 10, bẹ́ẹ̀ orúkọ nìkan ló yí. Àwọn tó ń ṣe Tomcat fi àyè sílẹ̀ fún fódà kan, webapps-javaee: ètò àtijọ́ tí wọ́n bá kó síbẹ̀, Tomcat á kọ́kọ́ yí javax inú rẹ̀ sí jakarta kó tó kó o lọ sínú webapps.