"Methinks": Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ Tó Ń Ṣe Bíi Yorùbá



Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ tí a bí sí ìlú òyìnbó kì í yé bi òbí wọn: kí ló dé tó jẹ́ pé ebi ló máa ń pa èèyàn ní Yorùbá? Ní Gẹ̀ẹ́sì, "I am hungry", ó parí. Ní Yorùbá, ebi ń pa mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, oorun ń kùn mí, òtútù ń mú mi, ojú ń tì mí. Ọmọ á ní èdè yìí dorí kodò, pé nǹkan ló ń ṣe èèyàn. Òbí á rẹ́rìn-ín, á ní bẹ́ẹ̀ náà ni Yorùbá ṣe rí. Èmi ò fara mọ́ èsì yẹn, nítorí ọmọ á gbà pé èdè bàbá òun ló ṣe é wọ́kuwọ̀ku. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ìṣe kan tí àwọn ọmọ yín máa bá pàdé nílé ìwé nígbà tí wọ́n bá ń ka Shakespeare. Ọ̀rọ̀ náà ni "methinks".

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àwàdà lónìí rò pé "I think" náà ni, pé àwọn ará àtijọ́ kàn fi "me" rọ́pò "I" ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ "I think" ni, kí ni "s" ń wá ní ìparí rẹ̀? A kì í sọ "I thinks". "S" yẹn wà níbẹ̀ nítorí pé kì í ṣe èmi ni olùwà. "It" kan tí wọn kò pè ni olùwà. "Me" ni ẹni tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ sí. Nínú iṣẹ́ ìṣirò owó tí mò ń ṣe jẹun, a máa ń ya ẹni tó san owó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó gbà á. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó gbà ni "me" yìí wà. Tí a bá fẹ́ fi Yorùbá sọ ọ́, kì í ṣe "mo rò". Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni "ó jọ lójú mi".

Ẹ wo Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti Ọba James, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1611, Ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí 18, ẹsẹ 27. Dáfídì jókòó sẹ́nu ibodè, ó ń retí ìròyìn ogun. Olùṣọ́ wà lókè, ó rí ẹnì kan tó ń sáré bọ̀ láti òkèèrè, ó sì ní eré ẹni náà jọ ti Ahimaasi. Ọ̀rọ̀ wa yìí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ ní méjì: "me thinketh". Olùṣọ́ náà kò jókòó ronú o. Ojú rẹ̀ ni nǹkan yọ sí.

Ibo wá ni ó ti wá? Ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ni Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní. Ọ̀kan ni "þencan", ìyẹn ni kí èèyàn ronú. Èkejì ni "þyncan", ìyẹn ni kí nǹkan jọ bákan lójú ẹni. (Lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn, þ, thorn ni wọ́n ń pè é. Bí "th" inú "thin" ló ṣe ń dún. Mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.) Àwọn ará Jámánì, tí èdè wọn jẹ́ mọ̀lẹ́bí Gẹ̀ẹ́sì, ṣì ní méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, "denken" àti "dünken", bó tilẹ̀ jẹ́ pé èkejì ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́ lọ́dọ̀ tiwọn náà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ohùn ló da wọ́n pọ̀. "Y" inú "þyncan" yí padà di "i". "E" inú "þencan" náà di "i" nítorí "nk" tó tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń fi "E" kọ "England" ṣùgbọ́n tí ẹnu wa ń pe "Ingland". Èyí tó sọ̀rọ̀ ìgbà tó ti kọjá, "þōhte" àti "þūhte", di "thought" kan ṣoṣo. Bí ìbejì tí wọ́n wọ aṣọ kan náà títí tí àwọn ará àdúgbò fi sọ wọ́n ní orúkọ kan náà. Inú "methinks" àti "methought" nìkan ni èkejì ti ń mí.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni ti Ọba Alfred ti Wessex, tó jọba láti 871 títí di 899. Àwọn Viking ti kó ilẹ̀ náà, wọ́n ti sun ṣọ́ọ̀ṣì tòun tìwé. Ní nǹkan bí 890, Alfred kọ lẹ́tà sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi ṣíwájú ìwé Póòpù Gregory tó túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní nígbà tí òun gorí oyè, òun kò lè rántí ẹnì kan ní gúúsù odò Thames tó lè túmọ̀ lẹ́tà Látìn sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyẹn tó fi dábàá pé kí wọ́n tú àwọn ìwé tó ṣe pàtàkì jù sí èdè tí gbogbo wọn gbọ́, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ tí kì í ṣe ẹrú, tí agbára wọn ká a, títí wọn yóò fi lè ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. (Ọmọ ẹrú kò sí nínú ètò náà. Ẹ má ṣe jẹ́ ká fi oyin sí i.) Ọ̀rọ̀ tó fi gbé àbá yìí kalẹ̀ ni "me ðyncð": ó jọ lójú mi pé èyí dára jù, bó bá jọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀yin náà. Ọba ni o! Ó lè pàṣẹ. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ bí àgbàlagbà Yorùbá ṣe máa sọ ọ́ láàárín ẹbí. Ẹ̀dà tó fi ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù Worcester wà ní ilé ìkàwé Bodleian ní Oxford títí dòní.

Ní ti lẹ́tà þ, àwọn akọ̀wé ti ń fi "th" rọ́pò rẹ̀ kí William Caxton tó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá sí Westminster ní 1476. Àwọn lẹ́tà irin tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun kò ní þ nínú, àwọn òǹtẹ̀wé mìíràn sì ń fi "y" dípò rẹ̀. Ibẹ̀ ni "Ye" ti wá lára pátákó àwọn ilé ọtí àtijọ́. "The" ni, kì í ṣe "yí". Àwọn ará Iceland kò jẹ́ kí tiwọn lọ. Wọ́n ṣì ń kọ þ, wọ́n sì ṣì ń sọ "mér þykir", tó jẹ́ ìbátan "methinks" gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù kọ Yorùbá láìfi àmì sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, tí àwọn àgbà jókòó lé lórí ní ìpàdé àkọtọ́ ní Èkó ní 1875, ẹ rántí þ.

Kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì fi pa irú ọ̀rọ̀ yìí tì? Láyé àtijọ́, ìparí ọ̀rọ̀ ló ń fi ẹni tó ṣe nǹkan hàn àti ẹni tí a ṣe é sí. Láàárín nǹkan bí 1100 sí 1500, àwọn ìparí wọ̀nyẹn já bọ́, ó wá di pé ẹni tó bá ṣíwájú ni olùwà. Otto Jespersen, ọ̀mọ̀wé ará Denmark (1860–1943), fi ọba àti èso pear ṣàlàyé rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, pear ló ń wu ọba, ọba sì ṣíwájú nínú gbólóhùn. Bí ìparí ọ̀rọ̀ ṣe já bọ́, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ bíi pé ọba ló ń fẹ́ràn pear. Bí "me liketh", tó jẹ́ "ó wù mí" gẹ́lẹ́, ṣe di "I like" nìyẹn. "Me" kò ṣeé ṣì gbọ́ ní tirẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí "methinks" pẹ́ díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn ìgbà Shakespeare ó di ọ̀rọ̀ akéwì, lẹ́yìn náà ó di ọ̀rọ̀ àwàdà.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ sọ fún mọ́mì tàbí dádì yín, láìlo "mo" rárá, pé ó ti rẹ̀ yín, pé ẹ̀rù ń bà yín, pé inú ń bí yín, pé ọ̀rọ̀ náà yé yín, pé ìrẹsì wù yín jẹ. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbìyànjú láti sọ márààrún ní Gẹ̀ẹ́sì Ọba Alfred, kí "me" máa ṣíwájú. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá wọn ṣe é. Ẹ̀rín máa pa yín.