Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣètò àsìkò pọ́ǹpù dísù lára ẹ́ńjìnnì àtijọ́?

Ọkọ̀ tó bá gbéra ní gáréèjì Wadata nílùú Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, tó sì forí lé Agadez, ní ìrìnàjò tó lé ní 900 kìlómítà níwájú.

Bí ẹ́ńjìnnì bá dákú lójú ọ̀nà, nínú ooru tó máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius lóṣù Kẹrin, ìyà ńlá ni fún awakọ̀ àti èrò.

Ọ̀kan lára ohun tó lè fà á ni kí pọ́ǹpù tó ń tú dísù, tí wọ́n ń pè ní gasoil ní Niger, máa tú u ṣáájú tàbí lẹ́yìn àsìkò tó yẹ. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń fi etí lásán ṣètò rẹ̀, ṣùgbọ́n etí nìkan kò tó.

Kí ni ìdí tí àsìkò fi ṣe pàtàkì?

Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì, mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ yanjú lọ́dún 1897. Kò nílò pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Písítìnì ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná débi pé dísù tó bá bọ́ sínú rẹ̀ yóò gbiná fúnra rẹ̀.

Nítorí pé dísù kì í gbiná lójú ẹsẹ̀, pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí písítìnì tó dé òkè pátápátá. Fún Mercedes 240D, díígírì 24 ṣáájú òkè ni.

Àwọn àmì wo lẹ lè fi mọ̀?

• Bí ó bá yá jù: ẹ́ńjìnnì yóò máa kan gbọ̀ngbọ̀n, yóò gbóná, písítìnì sì lè fọ́.
• Bí ó bá pẹ́ jù: kò ní tètè jí láàárọ̀, yóò máa yọ èéfín funfun, agbára rẹ̀ yóò dínkù, yóò sì máa jẹ epo.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ìlànà yìí wà fún pọ́ǹpù tí ẹ̀yà rẹ̀ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọ̀kan fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ yọ wáyà bátìrì. Ẹ fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì síbi tó ń yí sí, títí fáàfù méjèèjì sìlíńdà kìn-ín-ní yóò fi padé, tí písítìnì rẹ̀ sì ń gòkè bọ̀. Ẹ dúró kí ó tó dé àmì díígírì.
2. Ẹ tú páìpù kìn-ín-ní lórí pọ́ǹpù, ẹ yọ fáàfù kékeré àti sípíríǹgì abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi páìpù títẹ̀ síbẹ̀.
3. Ẹ fi ọwọ́ pọ́ǹpù epo kí ó máa ṣàn, kí ẹ sì rọra máa yí ẹ́ńjìnnì. Ibi tí ṣíṣàn bá ti di ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ni pọ́ǹpù ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ wo díígírì rẹ̀.
4. Bí kò bá bá ti ìwé ọkọ̀ mu, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì pọ́ǹpù. Bí ẹ bá yí i lòdì sí ibi tí ọ̀pá inú rẹ̀ ń yí sí, àsìkò yóò yá sí i.
5. Ẹ dè é le, ẹ tún un yẹ̀ wò, ẹ dá fáàfù padà, kí ẹ sì lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù.

Bí ẹ bá yí ẹ́ńjìnnì kọjá àmì, ẹ má kàn dá a padà síbẹ̀, nítorí àlàfo inú jíà yóò ṣì yín lọ́nà. Ẹ dá a sẹ́yìn dáadáa, kí ẹ tó tún yí i síwájú.

Ewu wo ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún?

Dísù tó ń jáde lẹ́nu nọ́sùlù lè gún awọ ara wọlé. Ẹ má fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò láé. Bó bá gún ènìyàn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bí ojú ọgbẹ́ náà bá kéré bí ojú abẹ́rẹ́.