Wáyà Inú Ilé ní Iléṣà

Orí igi ni wáyà iná kọ́kọ́ gbà nínú ọ̀pọ̀ ilé Ìjẹ̀ṣà. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ kò ṣe é gbẹ́ lójú, nítorí ògiri rẹ̀ á máa ya lulẹ̀. Oníṣẹ́ iná á kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ògiri, á tẹ́ wáyà lé e lórí, á sì fi kílíìpù dì í mú létòlétò títí dé ibi súwíìṣì. Rọ́bà ni wọ́n fi ń bo wáyà ayé ìgbà náà. Bí rọ́bà bá gbó, á máa sán, á máa rún, bàbà inú rẹ̀ á sì hàn síta. Ìgbà tí wáyà tí wọ́n fi PVC bò dé ni ìyọnu yìí tó rọlẹ̀.

Èkó ti ń tan iná mọ̀nàmọ́ná kí ọ̀rúndún 19 tó parí, àmọ́ fìtílà àti lántánì ni ọ̀pọ̀ ìlú òkè ń lò fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọdún 1950 ni òfin dá àjọ ECN sílẹ̀, pé kó kó àwọn ilé-iṣẹ́ iná ìjọba tó wà káàkiri sábẹ́ àṣẹ kan, kó sì gbé iná dé ìlú tí kò tíì ní. Àsìkò náà ṣe kòńgẹ́ ìgbà tí kòkó ń mówó wọlé, tí àwọn òṣómàáló, ìyẹn àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú onílùú, ń fi èrè wọn kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílé. Ojú wọn ti rí iná ní ìdálẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ẹ nílé.

Wáyà méjì ló ń ti orí òpó wọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Láìfù ni èyí tó ń gbé iná bọ̀, níútírà sì ni ọ̀nà tí iná ń gbà padà. Láìfù kọ́kọ́ gba inú cut-out, tí í ṣe fíúsì àjọ oníná fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni míta, tó ń ka iye iná tí wọ́n lò. Lẹ́yìn míta ni súwíìṣì ńlá tó ń pa gbogbo ilé, àti àpótí fíúsì. Fíúsì ayé ìgbà náà ṣe é tú wò. Tánganran funfun ni ara rẹ̀, ó ní ìdè bàbà méjì àti wáyà kan ṣoṣo tó tín-ín-rín láàárín wọn. Bí iná bá pọ̀ ju agbára wáyà ilé lọ, okùn tín-ín-rín yìí ló máa yọ́, tí iná á sì já kí ògiri tó gbóná. Fíúsì gílóòbù kì í sábà ju ámúpù 5 lọ. Àṣà burúkú ni ti ẹni tí fíúsì rẹ̀ já, tó wá fi bàbà nínípọn dí i: ọ̀pọ̀ ilé ti jóná nítorí rẹ̀.

Pọ́ìntì ni oníṣẹ́ ń kà gbowó. Gílóòbù kan pẹ̀lú súwíìṣì rẹ̀ jẹ́ pọ́ìntì kan, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà jẹ́ ọ̀kan. Nínú ilé oníyàrá púpọ̀ tí wọ́n fi rẹ́ǹtì, tí míta kan ń sin gbogbo ayálégbé, iye gílóòbù àti ohun èlò tí kálukú ní ni wọ́n fi ń pín owó iná. Láìfù ni súwíìṣì gbọ́dọ̀ já, kì í ṣe níútírà. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣi wọ́n mú, gílóòbù á máa tàn, á sì máa kú bó ṣe yẹ; àmọ́ ẹni tó bá pa súwíìṣì, tó gun àga láti pààrọ̀ gílóòbù, á bá láìfù lẹ́nu hódà.

Wáyà kẹta, ẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n fojú fò jù, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gba ẹ̀mí là. Kì í gbé iná fún ẹnikẹ́ni lójoojúmọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí láìfù bá kan ara áyọ́ọ̀nù tàbí fíríìjì, kí iná rí ọ̀nà tó yá gba wọlẹ̀, kí fíúsì lè já lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pá bàbà ni wọ́n ń gbá sínú ilẹ̀ fún un. Àwọn oníṣẹ́ a máa kó èédú àti iyọ̀ yí i ká, kí ilẹ̀ ibẹ̀ lè máa mú ọ̀rinrin dúró. Ní ọyẹ́, tí ilẹ̀ bá gbẹ, agbára ẹ́ẹ̀tì máa ń dínkù.

Ìdídò Kainji, tó ń pèsè iná, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968. Okùn iná 330,000 fóòlìtì tó ti ibẹ̀ wá gba Òṣogbo kọjá lọ sí Èkó, Òṣogbo sì di ibi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 1972, ECN àti àjọ tó ń bójú tó ìdídò para pọ̀ di NEPA. Láàárín àkókò yìí, ilé búlọ́ọ̀kù ti ń gba ipò ilé alámọ̀, wáyà sì kúrò lórí igi, ó bọ́ sínú páìpù tí wọ́n rì mọ́ ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Ìwọ̀n wáyà náà yí padà. Àwọn àgbà oníṣẹ́ mọ 3/.029 fún gílóòbù, ìyẹn okùn bàbà mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 0.029 íńṣì, àti 7/.029 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì; 1.5 àti 2.5 mìlímítà onígun mẹ́rin ló dípò wọn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú róbótó náà yàgò fún oníhò gígùn mẹ́ta ti ámúpù 13, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ ní 1947, tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ní fíúsì tirẹ̀ nínú. Bírékà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ fíúsì tánganran.

Ilé-iṣẹ́ ńlá bí International Breweries, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Iléṣà ní 1978, kò lè fi fáàsì kan, ìyẹn láìfù kan ṣoṣo, ṣiṣẹ́. Fáàsì mẹ́ta, pupa, yẹ́lò àti búlúù, ni ẹ̀rọ ńláńlá ń lò. Ilé gbígbé sábà ń gba ọ̀kan nínú wọn. Ibi tí fáàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti wọlé, tí ọ̀kan bá kú, àwọn èèyàn a máa yọ fíúsì cut-out lọ sórí èyí tó ń tàn. Bí gbogbo àdúgbò bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹrù á pọ̀ lórí fáàsì kan, iná á sì di hááfù.

Àìsí iná déédéé ló mú changeover wọ ilé. Súwíìṣì yìí kì í jẹ́ kí iná jẹnẹrétọ̀ àti ti òpó pàdé. Bí kò bá sí, iná jẹnẹrétọ̀ lè gba míta jáde lọ sínú tíránsífọ́mà, kó di 11,000 fóòlìtì lórí okùn tí òṣìṣẹ́ rò pé ó ti kú.

Àwọ̀ wáyà ni ìyípadà tó kẹ́yìn, òun ló sì léwu jù fún ẹni tó ń tún ilé àgbà ṣe. Nínú ilé tí wọ́n wáyà láyé ECN àti NEPA, pupa ni láìfù, dúdú ni níútírà, àwọ̀ ewé ni ẹ́ẹ̀tì. Ní 2004, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ láìfù di búráùn, wọ́n sọ níútírà di búlúù, wọ́n sì sọ dúdú di ọ̀kan nínú fáàsì mẹ́ta. Búlúù tó jẹ́ fáàsì nínú ògiri àtijọ́ ti di níútírà lára wáyà tuntun. Níbi tí wọ́n bá ti so yàrá tuntun mọ́ ilé ògbólógbòó, téstà nìkan ni oníṣẹ́ lè fi mọ èyí tí iná wà nínú rẹ̀.