Ọgbẹ́ Tí Kò Hàn Lára



Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí bàbá kan nínú ìjọ wa sọ fún mi pé, láti ìgbà tí rògbòdìyàn kan ti ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wọn, òun kì í lè dúró níbi tí wọ́n bá ti ń sun táyà mọ́. Ó ti lé ní ọdún 10. Ó ní, "Fadá, àbí ìgbàgbọ́ mi ni kò tó?" Mo ní rárá o.

Kì í ṣe òun ni a kọ́kọ́ fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kàn. Ní 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Charles Myers, dókítà àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa àwọn sójà tí ìró àgbá ti ba ojú àti ìrántí wọn jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ológun a máa pe irú wọn ní ojo. Àwọn sójà 306 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa nítorí ìsálọ, ìbẹ̀rù àti irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, ó di 2006 kí òfin tó forí jì wọ́n. Lẹ́yìn ogun Vietnam, ní 1980, ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tó fún àìsàn yìí ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé wọn.

Ní Amẹ́ríkà náà ni Francine Shapiro ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní EMDR. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń kọ́ nígbà tí àìsàn jẹjẹrẹ kọ lù ú ní 1979. Ara rẹ̀ yá, ó sì yà sí ẹ̀kọ́ nípa ọkàn ẹ̀dá. Ní 1987, bí ó ti ń rìn nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Kalifọ́níà, ó kíyè sí i pé èrò kan tí ó ń dà á láàmú ti fúyẹ́, àti pé nígbà tí èrò náà dé, ṣe ni ojú òun ń lọ tí ó ń bọ̀ kíákíá. Ẹlòmíràn ìbá ti gbàgbé kí ó tó délé. Òun kò gbàgbé. Ó dán an wò lára àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà lára ènìyàn 22, tí àwọn tí ó ja ogun Vietnam àti àwọn tí a fi ipá bá lò pọ̀ wà nínú wọn. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1989.

Olùtọ́jú á kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn aláìsàn, á sì kọ́ ọ bí yóò ti fara balẹ̀ bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú. Nígbà tí ó bá yá, aláìsàn á mú ìrántí náà wá sọ́kàn, á fi nọ́ńbà láti 0 dé 10 díwọ̀n bí ó ti ń dùn ún tó. Olùtọ́jú á wá máa gbé ìka lọ, á máa gbé e bọ̀, níwájú rẹ̀. Aláìsàn á máa fi ojú tẹ̀ lé e fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú. Wọ́n á dánu dúró. Á bi í pé kí ni ó wá sí i lọ́kàn. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ìrántí náà kì í parẹ́. Bí ìtọ́jú bá ṣiṣẹ́, ẹni náà á ṣì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dà bí ẹni pé ó tún ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn onímọ̀ kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ní 1999, Richard McNally fi í wé ìwòsàn Mesmer tí ó gba ìgboro Paris kan ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. N kò rò pé ó ṣe àṣejù: ẹni tí ó bá ní òun ń fi ìka wo ọgbẹ́ ọkàn sàn, ó yẹ kí a bi í ní ìbéèrè. Ṣé ojú tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́, àbí ìrántí tí a dojú kọ láìsá? Ní 2001, Davidson àti Parker kó ọ̀pọ̀ ìdánwò jọ, wọ́n ní àwọn kò rí ohun tí ojú fi kún un. Ní 2013, Lee àti Cuijpers tún un ṣe, wọ́n ní ó fi nǹkan kún un. Àlàyé tí ó wọ̀ mí létí jù ni pé ọkàn kì í lè gbé ẹrù wúwo méjì lẹ́ẹ̀kan náà: bí ojú bá ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìrántí wà lọ́kàn, ìrántí náà á ṣá, bí ó sì ti ṣá náà ni a óò gbé e padà sí àyè rẹ̀.

Iyàn náà ṣì ń lọ. Síbẹ̀ ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í kún ìtọ́jú tí ó yẹ fún àgbà àti ọmọdé tí ó ní àìsàn yìí. Shapiro kú ní 2019. Kì í ṣe ohun tí a ń dán wò nílé o. Ọwọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ ni kí ó ti wá.

Nígbà tí mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún bàbá náà, ohun kan ṣoṣo ni ó bi mí. Ó ní, "Fadá, ṣé mo ní láti ròyìn ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà?" Mo ní, "Bàbá, kò di dandan kí ẹ ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n bá òun wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà.